Ẹ Yé Di Ẹ̀bi Gẹ̀ẹ́sì Wa Ru Yorùbá

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá ìjọba kan sọ lórí rédíò lọ́sẹ̀ tó kọjá ṣì ń dùn mí wọra. Ó ní Yorùbá tí wọ́n fi kọ́ wa láti kékeré ni kò jẹ́ kí àwa ọmọ yunifásítì lè kọ Gẹ̀ẹ́sì tó gún.

Yorùbá wo? Níbo? Nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tèmi, ẹni tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì yóò san owó ìtanràn. Ẹni tí kò bá lówó á kúnlẹ̀ lóòrùn. Tíṣà tó ń fìyà jẹ wá náà, bí ìṣirò kò bá yé wa, Yorùbá ló ń sá bá. Wọ́n gba Yorùbá lẹ́nu wa, wọn ò sì fún wa ní Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà tí JAMB, ìdánwò àbáwọlé yunifásítì, dé, ìbéèrè 60 ni Use of English, A, B, C tàbí D ni à ń tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Máàkì mi dára, inú ìyá mi dùn, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ṣoṣo, wọn ò ní kí n kọ. Mo ní kí n dé yunifásítì ná. GST ibẹ̀, ẹ̀kọ́ gbogbogbò tí wọ́n ti ń kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì, tún burú jù: gbọ̀ngàn kún àkúnya, àwọn kan dúró lójú fèrèsé, makirofóònù ò ṣiṣẹ́. Ìdánwò rẹ̀? Kọ̀ǹpútà náà ni. Títí mo fi wọ ọdún kẹta, kò sí olùkọ́ tó gba ojú ewé kan lọ́wọ́ mi, kó fi bírò pupa yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì dá a padà. Ní ọdún tó ń bọ̀, wọ́n á wá ní kí n kọ odindi ìwé prójẹ́ẹ̀tì!

Àwọn aláṣẹ wa mọ̀ pé láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ti dán an wò ní Ilé-Ifẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tíṣà ọ̀tọ̀ ló ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò sì kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì náà. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025 wọ́n wọ́gi lé e. Tíṣà àbúrò mi kò tíì gbọ́ pé ó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní máa kọ ojú ewé kan lọ́sẹ̀, kí ènìyàn ẹlẹ́ran ara sì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Kí wọ́n pín wa ní ogún-ogún fún àwọn tó ń ṣe másítáàsì ní ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì, àwọn náà kúkú ń wá iṣẹ́. Kí wọ́n dá àṣìṣe padà fún wa ká tún un kọ, kí máàkì GST sì ti ibẹ̀ wá. Kí owó ìtanràn Yorùbá dópin. Kí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní tíṣà Gẹ̀ẹ́sì gidi.

Bí wọ́n bá ní kò sówó, kí wọ́n ṣírò owó ìwé GST tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa tipátipá fún wa.

Èmi ni tiyín,
Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta,
Ìbàdàn.