Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Ẹgbẹ́ Onílù Lórí Fọ́ọ̀mù Ọ̀rọ̀ Ìlù

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa àti ẹ̀yin káńsẹ́lọ̀ gbogbo,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o.

Àwa ọmọ Àyàn tí a ń lu dùndún, gángan àti bàtá ní ìjọba ìbílẹ̀ yìí la kọ ìwé yìí. Lẹ́tà yín ti tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ẹ ní kí onílù tó bá fẹ́ ṣeré níta gbangba kọ gbogbo ohun tí yóò sọ sínú fọ́ọ̀mù, kó mú un wá ní ọjọ́ 14 ṣáájú, kí ẹ tó fún un níwèé àṣẹ. A kà á lẹ́ẹ̀mejì. A ò mọ bí a ó ṣe ṣe é.

Onílù kì í mọ ohun tí yóò sọ kó tó dé ojú agbo. Ẹni tó bá wọlé là ń kì. Bí a bá dá ilé baba rẹ̀ mọ̀, oríkì rẹ̀ dé nìyẹn. Bí ọwọ́ onínàáwó bá pẹ́ nínú àpò jù, ìyáàlù á rán an létí, gbogbo èrò á bú sẹ́rìn-ín. Èwo la fẹ́ kọ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú níbẹ̀?

Ìlù ò sì ní ètè. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ló ní. Etí olùgbọ́ ló ń fi ọ̀rọ̀ sí i. Ẹ̀yin àgbà inú yín á rántí ìlù rédíò Ìbàdàn láyé ọjọ́un. Orúkọ ilé iṣẹ́ náà ló ń pè lédè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ohun tí ará ìlú gbọ́ ni “B’Ólúbàdàn bá kú, ta ni ó joyè?” Ká ní fọ́ọ̀mù yín ti wà nígbà náà, ta lẹ̀ bá mú?

Ohun tó dùn wá jù ni ti ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí àwọn òṣìṣẹ́ yín gba ìyáàlù rẹ̀ níbi òkú àgbà, wọ́n ní ó ń fi ìlù bú ìjọba nítorí ọ̀nà. Oríkì olóògbé lòun ń lù, ó ní. (Ká má purọ́, àwọn kan nínú wa náà gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Ọ̀nà ọ̀hún kúkú bàjẹ́.) Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìlù náà ti wà lọ́dọ̀ yín. Òjò ti pa á, awọ ti dẹ̀, ọṣán ń já, ṣaworo rẹ̀ ò pé mọ́. Iṣẹ́ oúnjẹ ẹni nìyẹn.

Àwọn baba wa ní ọba kì í pa ọ̀kọrin. Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré Hubert Ògúńdé nítorí eré Yorùbá Ronú, tó bá àwọn olóṣèlú wí. Ó di 1966 kí Gómìnà Fájuyì tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Òfin ọ̀hún ló sọ eré náà di ohun tí gbogbo ayé ń wá.

Abala 39 nínú òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èrò wa. Bí onílù bá bà yín lórúkọ jẹ́, ilé ẹjọ́ ò jìnnà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fagi lé fọ́ọ̀mù náà, ẹ dá ìyáàlù padà, kí ẹ sì san owó awọ àti ọṣán. Bó bá ṣe ariwo òru ló ń dà yín láàmú, ẹ pè wá ká jọ fi aago sí i. Ìyẹn ò le.

Ọjọ́ Ajé èyíkéyìí tí ẹ bá dá, a ó wá. A ó gbé ìyáàlù kan dání, a ó lu gbólóhùn kan ṣoṣo, kí káńsẹ́lọ̀ kọ̀ọ̀kan kọ ohun tó gbọ́ sínú fọ́ọ̀mù.

Àwa ni,
Alága, Akọ̀wé àti Akápò,
lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ onílù