Gọ́tà la fẹ́, kì í ṣe ọ̀dà

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Awakọ̀ kórópe ni mí. Orù-Ìjẹ̀bú sí àwọn abúlé oko wa ni mò ń ná. Ọ̀nà yẹn kò gùn. Bí ó bá dára, ogún ìṣẹ́jú ni mo fi ń ná an já. Ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni, kì í ṣe ti àpapọ̀ bíi títì Ṣágámù sí Bìní, kì í sì í ṣe ti ìbílẹ̀. Mo là á sọ nítorí pé ibi tí a bá gbé ẹ̀bẹ̀ lọ ni wọ́n ti ń júwe ibòmíràn fún wa.

Ẹni tó bá kọ̀wé nípa ọ̀nà, "ẹ wá da ọ̀dà" ló máa ń kọ. Wọ́n ti da ọ̀dà sí tiwa rí, ojú wa ni wọ́n ṣe é, kò sì pẹ́ tó fi ṣí. Omi ló ṣí i. Ẹ wá wò ó lẹ́yìn òjò: iyanrìn àti koríko etí títì ti ga ju ọ̀dà lọ, omi kò ríbi gbà, á wá dúró sójú títì bí èrò tó ń retí ọkọ̀. Yóò rìn wọ abẹ́ ọ̀dà, ilẹ̀ pupa ibẹ̀ á rọ̀ bí ìkọ́kọrẹ́. Kí agbégilódò kan ṣoṣo gun orí rẹ̀, kòtò dé nìyẹn. (Mi ò bá àwọn onígẹdú jà o. Iṣẹ́ wọn ni, bí ẹ̀gẹ́ ṣe jẹ́ tiwa.)

Lọ́dún tó kọjá, kòtò kan fọ́ ṣọ́kì mi lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. Lẹ́ẹ̀kejì, àpò gàrí ìyá kan já sínú ẹrẹ̀, èmi ni mo sì san owó rẹ̀. Inú bí mi. Èmi àti ọmọ mi gbé ọkọ́, a la ojú omi kan gba inú òkìtì etí títì yẹn, kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Kí a tó nu òógùn, omi ti ń ṣàn ṣùrùrù wọ inú igbó. A kó àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti ilẹ̀ pupa dí kòtò náà. Gbogbo òjò àrọ̀kúrò rọ̀ tán, kò ṣí mọ́. Èyí tó wà níwájú rẹ̀, tí a kò fọwọ́ kàn, ti ń gbé odindi táyà mì báyìí.

Bàbá mi máa ń ròyìn àwọn òṣìṣẹ́ P.W.D., iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tún ọ̀nà ṣe kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ lọ́dún 1976. Ọkọ́, àdá àti ṣọ́bìrì ni wọ́n ń lò, wọn kì í sì í dúró de kòtò. Ṣé irú wọn ti wá wọ́n ju katakata lọ ni? Kí wọ́n gba àwọn ọ̀dọ́ abúlé wa síṣẹ́, kí wọ́n pín ọ̀nà fún wọn, kí gọ́tà sì ti là kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.

Bí wọn kò bá lówó rẹ̀, kí wọ́n kúkú fún wa láṣẹ. Lọ́jọ́ tí a la ojú omi yẹn, ọkùnrin kan dá jíìpù rẹ̀ dúró, ó ní ta ló ní kí a máa wú títì ìjọba. Mo ní òjò ni.

Awakọ̀ kórópe kan,
Orù-Ìjẹ̀bú.