Ẹ bá wa béèrè ibi tí àwọn ìbọn AK tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ajínigbé ń wọlé sí

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Gbogbo ìgbà tí ọwọ́ bá ti tẹ àwọn ajínigbé ni mò ń rí i nínú ìwé ìròyìn yín, ìbọn AK-47 lórí tábìlì, àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá dúró lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n ya fọ́tò, ó tán. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ máa sọ fún wa pé wọ́n ti kó àwọn afurasí lọ sí kọ́ọ̀tù, ìbọn ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìbọn, òun gan-an ló sì yẹ ká máa béèrè jù.

Sójà ni mí kí n tó fẹ̀yìntì wá jókòó sí Abẹ́òkúta níbí, ìtọ́jú ìbọn sì niṣẹ́ tí mo ṣe, nítorí náà mo mọ ohun tí mò ń sọ. Mikhail Kalashnikov tó ṣe ìbọn yìí, inú táǹkì ogun ló wà tí àwọn Jámánì fi ṣe é léṣe nítòsí Bryansk ní Rọ́ṣíà lọ́dún 1941, ọsibítù tó dùbúlẹ̀ sí ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro bó ṣe máa ṣe ìbọn tó máa dáa ju èyí tó wà lọ́wọ́ wọn. 1947 ló ṣe èyí tá a mọ̀ yìí, 1949 ni iléeṣẹ́ ológun Soviet gbà á wọlé. Ẹni tó sì ní lọ́kàn ni sójà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá láti oko, tí òtútù ti mú ọwọ́ ẹ̀ le gbagidi, tí kò ráyè nu ìbọn. Ìdí nìyẹn táwọn irin inú ẹ̀ ò fi fún mọ́ra wọn, àyè wà láàárín wọn. Tí ọta bá ń jáde, gáàsì ẹ̀ máa gba ihò kékeré kan lójú ọ̀nà, ó máa ti písítìnì kan tó gùn tó sì wúwo sẹ́yìn pẹ̀lú agbára, yanrìn ni o, ẹrẹ̀ ni o, ó máa gbá a kọjá. Wọ́n tún fi kúróòmù bo inú ọ̀pá ẹ̀ kó má baà dípẹtà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tú u, ẹ kàn tẹ kiní kékeré kan lẹ́yìn, ìdérí òkè ṣí, sípíríǹgì jáde, písítìnì tẹ̀ lé e, iṣẹ́ bùṣe. Ẹ wo ti Amẹ́ríkà, M16 tí wọ́n kó lọ sí Vietnam ń há mọ́ àwọn ọmọ wọn lọ́wọ́ lójú ogun ní 1966 sí 1967, torí wọ́n yí ẹ̀tù inú ọta padà, kò sí kúróòmù nínú ẹ̀ nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ò sì rí nǹkan tí wọ́n máa fi nù ún gbà.

Ṣùgbọ́n ohun tó rọrùn fún ọmọ oko láti lò, ó rọrùn fún ọmọdé náà. Nígbà ECOMOG, ìyẹn àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n kó lọ pẹ̀tù sógun ní Làìbéríà, àwọn ọmọ tá a rí níbẹ̀, ọmọ tó yẹ kó wà ní pírámárì, okùn ìbọn gùn jù fún wọn débi pé ìdí ìbọn ń gbá wọn lórúnkún bí wọ́n ṣe ń rìn, ó ń dùn mí títí dòní. Ta ló kọ́ wọn? Kò gbà ju wákàtí díẹ̀ lọ.

Ìṣòro kejì ni pé ìbọn yìí kì í kú. Èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú kí Nàìjíríà tó gbòmìnira ṣì ń yìn dáadáa lónìí. Ṣáínà ṣe tiẹ̀, Íjíbítì ṣe tiẹ̀, Ròmáníà náà ṣe, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ń fojú bù ú sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 100 lágbàáyé. Àwa náà ṣe, OBJ-006 tí DICON, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ohun ìjà ní Kàdúná, ń ṣe, AK ni, orúkọ bàbá wa Ọbásanjọ́, ọmọ Abẹ́òkúta níbí, ni wọ́n fi sọ ọ́. Nígbà tí ìjọba Gaddafi wó ní Líbíà ní 2011, ìbọn tó wà nínú àwọn ilé ìkóǹkanogunpamọ́ wọn tú jáde sínú aginjù, ó gba Mali, ó gba Niger, ó ń bọ̀ níbi tá a wà. Kalashnikov fúnra ẹ̀, kó tó kú ní 2013 lẹ́ni ọdún 94, ó kọ lẹ́tà sí olórí ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì ní Rọ́ṣíà pé ìrora ọkàn òun ò ṣeé fara dà, ó ń béèrè bóyá òun jẹ̀bi ikú àwọn tí ìbọn òun pa.

Ní ti Amọ̀tẹ́kùn, èmi wà lára àwọn tó ní kí wọ́n fún wọn ní ìbọn tó lè kojú ajínigbé, ṣakabùlà ò lè dúró níwájú AK, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ nọ́ńbà ìbọn kọ̀ọ̀kan àti orúkọ ẹni tó gbà á sílẹ̀, kí wọ́n máa kà á lálaalẹ́. Ọ̀pọ̀ èyí tó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀daràn, tẹ́ ẹ bá wo ara irin ẹ̀ lápá òsì, ẹ máa rí i níbi tí wọ́n ti fi fáìlì ha nọ́ńbà ẹ̀ dànù, ìyẹn ni pé ó níbi tó ti jáde wá tí wọn ò fẹ́ ká mọ̀.

Àwọn Mali ṣe nǹkan kan tí mi ò gbàgbé. Ní oṣù kẹta ọdún 1996, ní Tìmbúktù, ààrẹ wọn Alpha Oumar Konaré ní kí wọ́n kó nǹkan bí 3,000 ìbọn tí àwọn ajìjàgbara dá padà jọ síta gbangba, wọ́n dáná sun ún lójú gbogbo ayé. Ogun tún padà dé síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlógún, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ìbọn yẹn ni wọ́n fi jà á.

Nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán akọ̀ròyìn yín lọ bá àwọn ọlọ́pàá àti iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2021 láti máa rí sí ìbọn kéékèèké. Kí ó béèrè èyí tí wọ́n gbà ní ìpínlẹ̀ Ògùn níbí, mélòó ló jẹ́, níbo ló wà báyìí, ọjọ́ wo ni wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́ kó má baà ṣeé lò mọ́, ta ló wà níbẹ̀ tí wọ́n fi gé e. Tí wọn ò bá fún yín lésì, ẹ kọ ọ́ síwèé bẹ́ẹ̀ náà pé wọn ò fún yín lésì.

Èmi ni tiyín,
Sójà tó ti fẹ̀yìntì,
Ọbáńtókò, Abẹ́òkúta.