Ẹ̀wà tó wọ́n: kì í ṣe àwa tá à ń tà á nìkan ló yẹ kẹ́ ẹ bú

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí owó ẹ̀wà, níbi tẹ́ ẹ ti ní àwa oníṣòwò tá à ń kó ẹ̀wà pamọ́ lókè Ọya la jẹ́ kí àkàrà dà bí bọ́tìnnì ẹ̀wù. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó tún dùn mí díẹ̀, torí èmi gan-an wà lára àwọn tẹ́ ẹ bú. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, Sábó Gàrí ní Kánò ni wọ́n bí mi sí, aṣọ ni bàbá mi tà níbẹ̀, èmi wá ń ta ẹ̀wà ní ọjà Dawanau, ó ti lé lógún ọdún báyìí. Àwọn tírélà tó ń já ẹ̀wà ní Bódìjà yẹn, ẹrù tiwa wà nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀.

Òótọ́ ni pé a máa ń kó o pamọ́, mi ò ní parọ́. Tó bá ti di oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá tí wọ́n bá ti kórè, ẹ̀wà á kún ọjà, owó ẹ̀ á já wálẹ̀, àwa á rà á, tó bá wá di oṣù kẹfà, oṣù keje, tí kò sí nínú oko mọ́, a ó gbé e síta lówó gọbọi. Bá a ṣe ń jẹun nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ bi mí léèrè pé kí ló dé tí àgbẹ̀ tó gbìn ín fúnra ẹ̀ ò lè ṣe ohun témi ń ṣe? Kòkòrò ni. Kòkòrò kékeré tó ń lu ẹ̀wà níhò yẹn, inú oko ló ti ń tẹ̀ lé e wálé, tó bá fi máa tó oṣù mélòó kan nínú àpò lásán, ihò àti ìyẹ̀fun ló máa kù. Àgbẹ̀ mọ̀, gbèsè sì tún wà lọ́rùn ẹ̀, ló fi ń sáré tà á fún wa ní iyekíye, nígbà tó bá wá di ìgbà ọ̀wọ́n, bàbá kan náà á tún wá máa ra ẹ̀wà ní mùdù kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ wa. Mo ti tà á fún irú wọn rí, ojú tì mí.

Àwọn kan lára wọn á ní àwọn ò gbà, wọ́n á da ọta-pia-pia sínú àpò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jẹ ẹ́ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ẹ máa ń gbóòórùn ẹ̀ nígbà míì. Torí oògùn dichlorvos tó wà nínú ẹ̀ náà làwọn Yúróòpù fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ tó ń ti Nàìjíríà lọ ní 2015. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá fẹ́ pa kòkòrò yìí ò nílò májèlé kankan, kó ṣáà má jẹ́ kó rí afẹ́fẹ́ mí sínú ni. Àpò kan wà tí wọ́n ń pè ní PICS, ọ̀rá méjì tó nípọn ló wà nínú, àpò tí wọ́n hun bíi ti ìrẹsì ló wà níta. Professor Larry Murdock ti yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà àtàwọn ará Kamẹrúùnù ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀ ní bí ìparí àwọn ọdún 1980. Ẹ sá ẹ̀wà kó gbẹ kankan, ẹ dà á sí i, ẹ so ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lẹ́nu pinpin, kòkòrò tó bá wà níbẹ̀ á lo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ tán, á kú síbẹ̀. Ẹni tí ò bá rí ti PICS rà, kẹ́ẹ̀gì tí ìdérí ẹ̀ le dáadáa á ṣe é fún un. Tí gbogbo àgbẹ̀ bá ní àpò yìí marùn-ún marùn-ún, èrè tèmi á dínkù, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo ṣì ń sọ ọ́.

Èyí tí wọ́n ń rí kó nínú oko gan-an wá ńkọ́? Àwa la ń gbin ẹ̀wà jù lọ ní gbogbo ayé o, kò sẹ́lòmíì, àwọn ará Niger ló tẹ̀ lé wa, síbẹ̀ ní oṣù keje 2024 ìjọba àpapọ̀ kéde pé kí wọ́n máa kó ẹ̀wà wọlé láti ìta fún 150 ọjọ́ láìsan owó ibodè. Wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tí mo mọ̀, tó bá dáko hẹ́ktà kan, kì í rí tọ́ọ̀nù kan kó níbẹ̀, ìyẹn àpò mẹ́wàá tó jẹ́ ọgọ́rùn-ún kílò, bẹ́ẹ̀ irúgbìn gidi àti ìtọ́jú tó yẹ lè mú un kọjá tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀ dáadáa. Kì í sì í ṣe ọ̀lẹ ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti fatiláísà fún yín. Bàbá kan wà lápá Minjibir tí mo máa ń ra ọjà lọ́wọ́ ẹ̀. Lọ́dún kan, àwọn kan, mi ò ní dárúkọ wọn, gbé fatiláísà wá fún abúlé wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ayé gbọ́, wọ́n ya fọ́tò. Ẹ̀wà ti ń yọ òdòdó nígbà yẹn. Yúríà ni wọ́n gbé wá. Ọ̀fẹ́ ṣáà ni, wọ́n dà á sí i. Ẹ̀wà yẹn wú bí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ewé dúdú minimini, ẹni tó bá rí i lọ́nà á ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà, àmọ́ èso tó so lábẹ́ ẹ̀ ò tó nǹkan. Bàbá náà sọ fún mi lédè Haúsá pé ewúrẹ́ òun ló bá wọn jàǹfààní. Ẹni tó mọ ẹ̀wà ò ní gbé yúríà fún un, torí oúnjẹ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní náítrójìn ló wà nínú yúríà, ẹ̀wà sì ń ṣe ti ẹ̀ fúnra ẹ̀. Ẹ fa ẹ̀wà kan tu lóko, ẹ wo gbòǹgbò ẹ̀, ẹ máa rí kókó róbótó róbótó, ẹ là á, tí inú ẹ̀ bá pupa, àwọn bakitéríà tó ń fa náítrójìn látinú afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ló ń wá, èyí tó wà nínú fatiláísà tí wọ́n ń pè ní súpà, ilẹ̀ yanrìn tibí ò sì ní in tó. Súpà yìí sì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbìn ín, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ lẹ́yìn tó ti yọ òdòdó.

Ìdin Maruca ni ọ̀tá kejì. Inú òdòdó àti inú èso ẹ̀wà ló máa ń wọ̀, ó ti jẹ ẹ́ tán kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ó dé. Mo mọ ẹni tó fín oògùn lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín oṣù méjì, tòun ti ẹsẹ̀ lásán, kò bomú. Àwọn ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IAR ní yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ti wá bá wa ṣe irúgbìn ẹ̀wà kan tó ń jẹ́ SAMPEA 20-T, ìjọba fọwọ́ sí i ní 2019, ìdin yẹn ò lè jẹ ẹ́, wọ́n ní fífín ẹ̀ẹ̀mejì ti tó, ìyẹn náà jẹ́ torí iná ewé àtàwọn kòkòrò míì tí irúgbìn yìí ò kápá. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn ń bẹ̀rù ẹ̀wà tí wọ́n yí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ padà (GMO) bíi tiẹ̀ yìí, ẹ̀tọ́ wọn ni, kí wọ́n bi àwọn tó ṣe é léèrè kí wọ́n sì dá wọn lóhùn. Ẹ̀rù tiẹ̀ bà mí jù pé wọ́n á máa fipá mú àgbẹ̀ ra irúgbìn lọ́dọọdún, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀, èèyàn lè mú nínú ohun tó kórè kó tún un gbìn. Ẹni tí ò bá fẹ́ ẹ, èso dongoyaro tí wọ́n gún tí wọ́n rẹ sómi wà, kì í ṣe bí ti oògùn gidi àmọ́ ó ń ran èèyàn lọ́wọ́.

Ti irúgbìn tó ń yára gbó ò ní pẹ́ mi lẹ́nu. Òjò ibí ń pẹ́ dé, ó sì ń tètè lọ, ẹ̀wà tó máa ń gbó láàárín 60 sí 70 ọjọ́ ló lè bá a sáré. Kí wọ́n sì yéé há a mọ́ ìdí ọkà bàbà, ìlà méjì ọkà, ìlà mẹ́rin ẹ̀wà, kó rí oòrùn.

Gbogbo èyí tí mo kọ yìí, ìmọ̀ tuntun kankan ò sí níbẹ̀. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ńlá yẹn, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ní Ìbàdàn láti 1967, ó lé ní 15,000 oríṣi irúgbìn ẹ̀wà tí wọ́n tọ́jú síbẹ̀. Ohun tí kò sí ni ẹni tó máa gbé e dé abúlé kó tó di ọjọ́ tí òjò rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán akọ̀ròyìn yín sí IITA, kẹ́ ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè tó yẹ, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ lédè Yorùbá, torí àwọn tó ń gbin ẹ̀wà ní Kìṣí àti Ṣakí náà wà.

Bàbá tí mo sọ yẹn ra àpò PICS mẹ́rin lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí wọ́n kórè, mo lọ bá a pé kó tà á fún mi, ó ní ẹ̀wà òun ń sùn, kí n padà wá ní oṣù keje. Mo padà lọ. Iye tó pè fún mi, mi ò lè kọ ọ́ sínú lẹ́tà yìí.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Kánò