Ẹ bá wa sọ ọ́, ẹ̀yìn ń dun àwa amọ̀kòkò

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá.

Ọ̀rọ̀ àwa tá à ń mọ ìkòkò l'Ókèlele níbí n'Ílọrin ni mo bá wá, torí ẹ̀yin oníwèéròyìn tẹ́ ẹ bá ti dé, ìkòkò lẹ máa ń yà ní fọ́tò, ẹ kì í béèrè ara ẹni tó mọ ọ́n.

Iṣẹ́ yìí, ara la fi ń ṣe é. A ò lo wíìlì, ìkòkò ò yí, àwa la máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tá a ó máa yí i po, bí Ladi Kwali, amọ̀kòkò tó wà lẹ́yìn náírà 20 náà ṣe máa ń rìn yípo tiẹ̀ nìyẹn. Ká tó wá dórí ìyẹn, a ti gún amọ̀, èjìká sì ti gbà á. Èyí tó ń dùn mí jù ni pé ọ̀pọ̀ wa máa ń kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ sọ́jọ́ kan ṣoṣo, ká gún láàárọ̀, ká mọ lọ́sàn-án, kọ́sítọ́mà ń pe fóònù pé ṣé ó ti ṣetán, tó bá fi máa dalẹ́ ìnàró gan-an ti di wàhálà.

Bẹ́ẹ̀ ìkòkò ò ṣeé kánjú mọ. Tá a bá tẹ amọ̀ bo ìdí ìkòkò ògbólógbòó tá a dojú ẹ̀ délẹ̀, ó gbọ́dọ̀ le díẹ̀ ká tó yọ ọ́, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á wó ni, ẹ̀yìn ìyẹn la tó máa fi amọ̀ ṣe ọrùn àti ẹnu ẹ̀. Kí la wá máa ń fi àsìkò tó ń le yẹn ṣe? Òmí-ìn la tún máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí! Ìyá àgbà kan wà ní ẹbu wa níbi tá a ti ń mọ ìkòkò, tó bá ti mọ díẹ̀ báyìí á gbé àpótí ti ògiri, á fẹ̀yìn tì, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á wá gbé ìṣasùn tó ti ń gbẹ lé itan, á máa fi òkúta dán an jẹ́jẹ́. Àwọn ọmọ a ní mọ́mì ń ṣọ̀lẹ, àmọ́ ìyá náà ṣì ń mọ àmù dòní, àwọn tí ìyá jù lọ ti wà nílé tí wọ́n ń fi róòbù pa ẹ̀yìn. Bí ìyá ṣe ń ṣe yẹn ni mò ń bẹ ẹgbẹ́ mi pé ká máa ṣe, iṣẹ́ àjókòóṣe pọ̀ ńlẹ̀. Ọjọ́ tá a bá sì gún amọ̀, ká fi ọ̀rá bò ó kó má gbẹ, kó dọjọ́ kejì ká tó mọ èyí tó tóbi.

Eruku ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́ ká máa wọ́n omi sílẹ̀ ká tó gbálẹ̀ ẹbu, eruku amọ̀ gbígbẹ yẹn ń ba ẹ̀dọ̀fóóró jẹ́, kì í sì í jáde bọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rà náà, tẹ́ ẹ bá ń fẹ́ ọjà rẹpẹtẹ ẹ tètè wí, ẹ má dúró dìgbà tí òde bá ku ọ̀la. Ìkòkò tí ò gbẹ dénú, inú iná ló máa bẹ́ sí, a ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni. Gọ́mẹ́ǹtì wa náà, tí wọ́n bá fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, kí wọ́n bá wa mọ pèpéle tó ga dé ìbàdí sínú ẹbu, ká lè máa dúró mọ ìkòkò lórí ẹ̀.

Èmi ni,
Amọ̀kòkò kan, Òkèlele, Ìlọrin.