Àwọn Tí Wọ́n Ṣẹ́kù Lẹ́yìn Àtúntò Ilé-iṣẹ́

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ takuntakun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí àwọn aláṣẹ ilé-iṣẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ kà sí, ìyẹn ni ipò tí ọkàn àwọn òṣìṣẹ́ tí a kò dá dúró máa ń wà lẹ́yìn àtúntò. Bí ìròyìn bá jáde pé ilé-iṣẹ́ kan ń ṣe àtúntò, iye àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ni gbogbo ènìyàn ń kà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ìyà ńlá ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ṣẹ́kù ní ẹrù tiwọn lọ́rùn, kò sì wọ́pọ̀ kí ẹnikẹ́ni bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe ń gbé e.

Mo ti wà lára wọn rí. Odidi oṣù mẹ́rin ni a fi ń gbọ́ ọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé wọ́n fẹ́ da ẹ̀ka méjì pọ̀ ní ilé-iṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, kí ọ̀gá kankan tó la ẹnu sọ ohunkóhun. Ní gbogbo àkókò yẹn, bí wọ́n bá pe ẹnì kan sí ọ́fíìsì ọ̀gá, gbogbo wa a dákẹ́ rọ́rọ́, a ó sì máa wo ojú rẹ̀ nígbà tó bá jáde. Ní ọjọ́ tí lẹ́tà dé, obìnrin tó máa ń jókòó tì mí gba tirẹ̀ ní àárọ̀, kò sì di ọ̀sán tí ó fi kúrò. Ife tí ó fi ń mu omi wà lórí tábìlì rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gbà á láti gbé e kúrò. Iṣẹ́ rẹ̀ di tèmi mọ́ èyí tí mo ń ṣe tẹ́lẹ̀, láìsí àfikún owó. Ọ̀gá wa wá pe ìpàdé, ó ní kí a máa dúpẹ́ pé a ṣì níṣẹ́ lọ́wọ́. N kò gbà pé ó ní ibi lọ́kàn, ṣùgbọ́n ohun tí etí wa gbọ́ ni pé pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó.

Láti ọjọ́ náà ni oníkálukú ti ń wá ibi tí yóò gbà. Àwọn tó kọ́kọ́ lọ ni àwọn tí ilé-iṣẹ́ náà kò fẹ́ pàdánù rárá, nítorí ẹni tó mọṣẹ́ dunjú ni ibòmíràn máa ń tètè gbà. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, mẹ́ta nínú àwa mẹ́jọ tí a ṣẹ́kù ní ẹ̀ka wa ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, èmi sì ni mo ṣe ìkẹrin.

Ọ̀rọ̀ náà kọjá ti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Nínú ìwádìí tí àwọn onímọ̀ méjì nípa ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, Charlie Trevor àti Anthony Nyberg, gbé jáde ní 2008, wọ́n rí i pé ilé-iṣẹ́ tó bá dín òṣìṣẹ́ rẹ̀ kù ní ìdá 1 péré nínú ọgọ́rùn-ún máa ń rí i tí iye àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn fiṣẹ́ sílẹ̀ yóò fi bí ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Gbogbo wa náà sì rí ti ilé-iṣẹ́ Twitter (tí a ń pè ní X báyìí) ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022: wọ́n dá bí ìdajì òṣìṣẹ́ dúró, láàrin ọ̀sẹ̀ méjì sí i wọ́n ní kí àwọn tó kù yàn yálà kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ kárakára fún wákàtí gígùn tàbí kí wọ́n gba owó oṣù mẹ́ta kí wọ́n sì máa lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì yàn láti lọ.

Mo mọ̀ pé ìgbà mìíràn wà tí àtúntò kò ní ṣeé yẹra fún, nítorí ilé-iṣẹ́ tó bá wó lulẹ̀ kò lè san owó oṣù ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ń bẹ àwọn aláṣẹ fún ni pé kí wọ́n tètè sọ̀rọ̀, kí wọ́n sọ ìdí tí wọ́n fi fẹ́ ṣe é àti ọjọ́ tí yóò parí, bí ìdádúró mìíràn bá sì ń bọ̀, kí wọ́n má fi pa mọ́. Kí wọ́n tún sọ iṣẹ́ tí a ó pa tì, kì í ṣe kí wọ́n kàn kó iṣẹ́ ẹni méjì lé ẹnì kan lórí. Lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ Nokia, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe fóònù, fi ẹ̀hónú hàn ní Jámánì ní 2008 nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ilé-iṣẹ́ wọn tó wà ní ìlú Bochum pa, Nokia yí ọwọ́ padà: ní 2011, wọ́n ṣètò láti ran àwọn tí wọ́n ń dá dúró lọ́wọ́, kí wọ́n lè rí iṣẹ́ mìíràn, kí wọ́n kọ́ṣẹ́ tuntun tàbí kí wọ́n dá tiwọn sílẹ̀. Ìṣojú àwọn tó kù ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá rí i pé wọ́n fi ọ̀wọ̀ sin ẹnìkejì rẹ̀ jáde, ọkàn tirẹ̀ náà yóò balẹ̀ díẹ̀.

Nígbà tí mo gbé ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ mi lọ bá ọ̀gá wa, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó wá bi mí pé kí ni ì bá mú mi dúró. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà ti dé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ṣẹ́kù