Àkọ́sórí kọ́ ni wọ́n fi ń wọ ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé nínú físíìsì

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Mo ka ìmọ̀ràn tí ẹ tẹ̀ jáde lójú ewé ẹ̀kọ́ yín fún àwọn tó ń múra ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò láti wọlé kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ọ̀mọ̀wé nínú físíìsì. Ẹni tó kọ ọ́ ní kí wọ́n wá 100 ìbéèrè jọ, kí wọ́n kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì há gbogbo rẹ̀ sórí. Mo mọ̀ pé ire ló ń wá fún wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn gan-an ni mo gbà tí mo fi kùnà nígbà àkọ́kọ́, ó sì ń dùn mí bí mo bá rí i tí wọ́n ń júwe rẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ tí mo ṣe fún oyè másítà dá lórí bí iná mànàmáná ṣe ń gba inú èròjà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan kọjá, èyí tí a tẹ́ sórí gíláàsì. A lẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́ mélòó kan mọ́ ọn, àlàfo àárín wọn ń fẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, a wá ń wọn ìdènà iná láti irin kan sí èkejì. Bí àlàfo ṣe ń fẹ̀ ni ìdènà ń pọ̀, gbogbo àmì tí a wọ̀n sì tò sórí ìlà gbọọrọ kan. Bí ìlà náà ṣe ń gòkè tó nìkan ni mo ń wá. Mo rí i, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo gba oyè mi.

Àwọn mẹ́ta ló jókòó níwájú mi lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà. Mo ti há àwọn ìdọ́gba Maxwell lórí iná mànàmáná àti òòfà, mo ti há ti Schrödinger lórí àwọn èérún kéékèèké, mo lè ka àwọn òfin thermodynamics, ìyẹn òfin ooru àti agbára, láìdúró mí. Obìnrin tó jókòó láàárín gbé gíráàfù mi sójú kọ̀ǹpútà, ó fi ìka tọ́ ibi tí ìlà náà ti gé ìlà òòró, ó ní: "Níbi tí àlàfo ti jẹ́ òdo yìí, kí ló dé tí ìdènà kò jẹ́ òdo?"

Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Oṣù mọ́kànlá ni mo fi wo gíráàfù yẹn láìbi ara mi ní ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ní àṣìṣe ẹ̀rọ ni. Ó rọra bi mí pé ṣé ẹ̀rọ a máa ṣe irú àṣìṣe kan náà ní gbogbo ìgbà, sí apá kan náà? Mo dákẹ́. Mo ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kí ìdáhùn tó sọ sí mi lọ́kàn: ojú ibi tí irin ti kan èròjà náà ní ìdènà tirẹ̀. Iná ní láti kọjá níbi tó ti wọlé àti níbi tó ti jáde, nítorí náà ohun tí ìlà náà ń fi hàn níbẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ìdènà ojú ìfarakàn kan. Kì í ṣe àṣìṣe rárá. Torí kí èèyàn lè wọn èyí gan-an ni wọ́n ṣe ń to irin bẹ́ẹ̀. Wọn kò gbà mí, n kò sì lè bá wọn jà.

Lónìí èmi náà máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì tábìlì, mo sì lè sọ ohun tí à ń wá níbẹ̀. A máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ti akẹ́kọ̀ọ́ síwájú títí yóò fi dé ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ parí sí. Kì í ṣe ìkà. Ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà, bí orílẹ̀-èdè bá ṣe rí, ni yóò fi máa gbé ibi tí ìmọ̀ parí sí yẹn, a sì fẹ́ rí bó ṣe máa ń ṣe bó bá débẹ̀. Ẹni tó ní "Èyí kò yé mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé agbára kò lè ṣàdédé pòórá, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀" ti sọ ohun púpọ̀ fún wa nípa ara rẹ̀ ju ẹni tó ka ìdáhùn mẹ́wàá léraléra.

Ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè kan. Ìtànṣán tó ń ti òfúrufú jíjìn wá máa ń kọlu afẹ́fẹ́ lókè, ní nǹkan bíi kìlómítà 15, àwọn èérún tí à ń pè ní muon á sì jáde. Muon kì í pẹ́: ìdá 2.2 nínú mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá ni ó máa ń lò kó tó fọ́, ní ìpíndọ́gba. Ká tilẹ̀ ní ó ń sáré bí ìmọ́lẹ̀, mítà 660 péré ni yóò rìn. Síbẹ̀ wọ́n ń dé ilẹ̀. Báwo ló ṣe jẹ́?

Ẹni tó há a sórí á ní "relativity ni", ìyẹn àlàyé Einstein lórí àkókò àti ìyára, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Ẹni tó ti fi ara rẹ̀ dánra wò á mú ẹfun: "Ká ní ìyára rẹ̀ jẹ́ ìdá 998 nínú 1,000 ti ìmọ́lẹ̀. Lójú àwa tí a wà nílẹ̀, aago rẹ̀ ń falẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 16. Mítà 660 lọ́nà 16 lé díẹ̀ ní kìlómítà 10. Kò tíì tó 15, ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba ni 2.2 yẹn, àwọn mìíràn á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a kò bá ka agbára tí wọ́n ń pàdánù lọ́nà, ó lé ní ọ̀kan nínú márùn-ún tí yóò balẹ̀." Ibẹ̀ la ó ti wá bi í pé: lójú muon fúnra rẹ̀ ńkọ́? Aago tirẹ̀ kò falẹ̀ lójú ara rẹ̀. Níbí ni àkọ́sórí ti ń já. Lójú muon, ọ̀nà ni ó súnkì: kìlómítà 15 yẹn kò tó kìlómítà kan mọ́. Ẹni tó ti ń ronú sókè lè dé ibẹ̀ fúnra rẹ̀, bó bá sì ṣì ẹsẹ̀ gbé, a ti rí ibi tó ṣì í sí, a lè nawọ́ sí i. A kò mọ ibi tí a ó ti gbá ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo mú.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìjákulẹ̀ yẹn ni pé mo gbé pátákó kan kọ́ sára ògiri yàrá mi. Oṣù méjì gbáko, ní alaalẹ́, àbúrò mi obìnrin á jókòó sórí ibùsùn, á máa bi mí pé "kí nìdí?" Kò kọ́ físíìsì. Yorùbá ni mo sì fi ń ṣàlàyé fún un, ìyẹn ló tú àṣírí mi. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti bo ọ̀pọ̀ ohun tí kò yé mi mọ́lẹ̀. Ó rọrùn fún mi láti pe "phase transition", ìyẹn ìyípadà bí ìgbà tí omi ń di oru, ṣùgbọ́n nígbà tó bi mí pé kí ló dé tí omi tó ti ń hó kì í gbóná sí i mọ́ bí a bá tilẹ̀ fi kún iná, mo ní láti padà sídìí ìwé kí n tó lè sọ fún un pé yíyọ omi kúrò lára omi ni ooru náà ń bá lọ. Mo tún ń gba ohùn ara mi sílẹ̀ sórí fóònù. Ìgbà tí mo gbọ́ ọ ni mo mọ̀ pé gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ kò bá ti yé mi ni mo ti máa ń sọ pé "ó hàn gbangba pé".

Ní ti ìwé kíkà, iṣẹ́ méjì péré láti ọwọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tí ẹ fẹ́ bá ṣiṣẹ́ ti tó, bí ẹ bá kà á dé ìdí. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè tiyín náà: ta ni yóò máa tọ́ni sọ́nà lójoojúmọ́, ọdún mélòó ni owó ìrànwọ́ yóò fi wà, ibo ni àwọn tó ti parí níbẹ̀ wà báyìí? Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ẹ ti dán kámẹ́rà wò ṣáájú, kí bébà àti kálàmù sì wà nítòsí.

Nígbà kejì, gíráàfù yẹn ni mo kọ́kọ́ fi hàn wọ́n, èmi fúnra mi ni mo sì tọ́ka sí ibi tó já mi kulẹ̀. Wọ́n bi mí pé kí ló dé tí ìdènà ojú ìfarakàn yẹn fi ń pọ̀ bí ó bá tutù. Mo ní n kò mọ̀. Mo ya irin sí apá kan, èròjà sí apá kejì, mo fi òkè kékeré kan sáàárín wọn láti dúró fún agbára tí iná nílò kó tó lè kọjá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó ń lọ lọ́kàn mi: bí ooru bá dínkù, èérún iná tó lágbára láti gun òkè yẹn á dínkù. Ọ̀kan nínú wọn dìde, ó gba ẹfun lọ́wọ́ mi, ó tún òkè náà yà kó tẹ́ẹ́rẹ́ ju tèmi lọ, ó ní ká wò ó bóyá àwọn kan lè gba inú rẹ̀ kọjá láìgùn ún. A jọ wà nídìí pátákó yẹn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni lẹ́tà ìgbàwọlé dé.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin olùkọ́ físíìsì tó ń ka ìwé ìròyìn yìí ni pé, bí akẹ́kọ̀ọ́ yín bá ní irú ìpàdé yìí níwájú, ẹ yọ̀ǹda ìdajì wákàtí fún un nídìí pátákó, kí ẹ sì ní sùúrù fún ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀. Èmi kò rí ẹni tó ṣe é fún mi nígbà àkọ́kọ́.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín, olùwádìí nínú físíìsì